Ahọ́n Tí Mo Fẹ́ Fi Ké Igbe Ayọ̀ fún Wejden

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Keje
Dókítà ẹ̀dọ̀fóró ní kí n máa kọ bí mo ṣe ń mí sínú ìwé yìí. Ó dáa. Mo mí. Ológbò inú àyà mi ń kùn — ogójì ọdún nídìí ààrò búrẹ́dì kì í ṣe eré. Ohun tí kò béèrè ni mo fẹ́ kọ: ẹnu ń dùn mí. Ahọ́n funfun bíi pé mo fi lá ìyẹ̀fun. Eyín iwájú méjì ń mì. Wejden, ọmọ ọmọ mi, ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejìlélógún. Lọ́jọ́ làálì, tí wọ́n máa lé làálì sí i lọ́wọ́ ṣáájú ìgbéyàwó, èmi àgbà obìnrin ilé ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké igbe ayọ̀. Ahọ́n la fi ń ké e, kó máa gbọ̀n lẹ́nu wìrìwìrì. Ahọ́n wo?

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo dán igbe náà wò nínú balùwẹ̀. Bí ìkòkò tó ń hó.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Khamissa wá, ìyàwó àbúrò ọkọ mi — ohùn rẹ̀ lè fọ́ gíláàsì. Mo fi ìborùn bo ẹnu bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyáálé, ṣé ẹ tún ti di ìyàwó tuntun tí ojú ń tì ni?" Mo ní eruku ni. Ó wo kuskus tí mi ò lè fẹnu kàn nítorí ata. Ó ní tí agbára mi ò bá gbé igbe ọjọ́ làálì mọ́, kí n sọ, òun wà ńlẹ̀. Ejò. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ejò ni.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Fèrè — òògùn èémí tí mo ń fà sẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́ — ń ta mí lẹ́nu. Mo ti pa á tì láti àná.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ìwà òmùgọ̀. Àtẹ̀gùn ilé wa ò ju mẹ́sàn-án lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Èémí ni kí n yàn ni àbí ahọ́n? Wejden rí mi, ó bú sẹ́kún, ó ní ká sún ìgbéyàwó síwájú. Mo ní kó gbẹ́nu sọ́hùn-ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Wejden wọ́ mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ons lorúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo ń fa òògùn náà. Mo fi ìgbéraga dáhùn: tí mo bá ti ṣe àlùwàlá tán, kí n tó kírun, kí èémí lè tó mi forí kanlẹ̀. Ọmọ náà gbé dígí sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ìyá, ẹ ti ṣan ẹnu tán kí ẹ tó fà á. Òògùn wá jókòó sórí ahọ́n, ti alẹ́ sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Òun ló fa funfun yìí. Ẹ kọ́kọ́ fà á, kí ẹ tó ṣe àlùwàlá. Ẹ ṣan ẹnu dáadáa, kí ẹ tu omi ẹ̀ dànù."

Ọdún méjì ni mo fi ń fi ẹ̀yìn ṣe iwájú. Ó yọ eyín méjèèjì. Ó fún mi ní òògùn olómi tí n ó máa fi pa ahọ́n, ó ní kí n padà sí Fèrè lónìí olónìí. Mo béèrè nípa igbe. Ó ní funfun á lọ. Ti èémí, òun ò lè ṣèlérí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mo jẹ kuskus aláta. Mo lá àwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Ahọ́n pupa bíi ti ọmọ ọwọ́. Igbe ń gba àlàfo eyín jáde, ó ń súfèé. Wejden rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Inú mi dùn. Àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni èémí mi. Igbe gidi ń fẹ́ mẹ́wàá.

Ọjọ́rú, 19
Mẹ́rin náà ni.

Ọjọ́bọ̀, 20
Làálì. Àwọn obìnrin ilé ọkọ Wejden dé láti Gafsa, yàrá kún. Wọ́n lé làálì sí i lọ́wọ́, gbogbo ojú yí sí mi. Mo dìde, mi ò bo ẹnu. Ahọ́n gbọ̀n, igbe lọ sókè — ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Èémí tán.

Kí yàrá tó dákẹ́, Khamissa ti gba igbe náà níbi tí mo já a sí, ohùn kan náà gẹ́lẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí mo ti mí tán, ó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo gbà á padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbé e yí. Àwọn ará Gafsa ní àwọn ò gbọ́ igbe tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu arúgbó. Wejden ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nínú ilé ìdáná, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Khamissa. Ó ń wúkọ́, ó fi ọwọ́ di àyà mú. Ó ní, "Ìyáálé, ẹ má dúpẹ́. Ká ní ẹ gbé e fún mi ni, ojú ìbá tì mí. Èmi náà ò lè dá a ké mọ́."

Nídìí ààrò búrẹ́dì kan náà la ti jọ ṣiṣẹ́. Mi ò bi í léèrè bó ṣe ń mí rí.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, màá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní òun ò lọ. Ó máa lọ.