Ejò Ni, Màmá, Kì Í Ṣe Okùn

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Calgary. Mo kí Bàbá, mo kí Bísí àbúrò mi àti ọmọ rẹ̀. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé wa nìkan.

Snow àkọ́kọ́ ti rọ̀. Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ejò ti bu Bàbá jẹ lóko, tí wọ́n fi ń tiro, ẹ ò gbà kí a dárúkọ rẹ̀ nílé mọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru. Okùn la gbọ́dọ̀ pè é. Ẹni tó bá gbàgbé, ẹ ó gbá a lẹ́nu. Bó ṣe mọ́ mi lẹ́nu nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Ramon, ará Philippines tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní àdúgbò Foothills níbí, ń já ẹrù ìkòkò òdòdó tó ti Ontario wá. Mo gbé páálí kan, mo rí ejò tó ká jọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo pariwo pé "Rope! Rope!" Ramon bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ kó lè mú okùn. Ejò náà gbọn ìrù mọ́ páálí, ó ń dún bí ewé gbígbẹ, ó sì bù ú jẹ ní àtàǹpàkò.

Màmá, mo rò pé mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀gá wa pe ọkùnrin kan tó mọ ejò dunjú. Ó ní milk snake ni, ìyẹn ejò oníwàrà, kò ní oró. Ó fi ara ejò náà hàn wá: àwọ̀ eérú, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú tí dúdú yí létí, àmì bíi lẹ́tà Y lẹ́yìn ọrùn. Ó ní nínú igbó, abẹ́ òkúta àti igi jíjẹrà ló ń sá pamọ́ sí, alẹ́ ló ń jáde wá eku. Kì í lé èèyàn. Ó ń gbọn ìrù kí a lè rò pé olóró ni. Irọ́ ni orúkọ rẹ̀ pàápàá: àwọn àgbẹ̀ rò pé ó ń mu wàrà màlúù, eku inú ilé màlúù ló ń wá.

Wọ́n fọ ojú egbò Ramon ní ọsibítù, ara rẹ̀ ti yá. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ọ̀gá pé òun ò bá mi já ẹrù mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní tí ilé bá ń jó lọ́la, ṣé àtùpà ni màá pè é? Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Òun nìkan ló máa ń pín oúnjẹ rẹ̀ fún mi. Èmi nìkan ni mò ń jẹun báyìí.

Mo mọ̀ pé olórí kunkun lẹ ń pè mí, ṣùgbọ́n òfin yẹn ò dára. Ejò tó bu Ramon jẹ kò ní oró. Èyí tó wà lóko wa ní oró. Bísí sọ lórí fóònù pé ọmọ òun náà ti ń pe ejò ní okùn, inú yín sì dùn. Inú tèmi bàjẹ́. Tọ́mọ yẹn bá rí i lẹ́yìnkùlé, tó pariwo okùn, ta ni yóò sáré jáde? Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ kọ́ ọ kó pè é ní ejò, kó sì pariwo rẹ̀ kí gbogbo àdúgbò gbọ́.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ẹsẹ̀ gbogbo yín lóko àti nílé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àgbà àti èwe.

Èmi ni ọmọ yín,
Délé