Ohun tí mo bá lẹ́nu fáànù ọkọ̀ Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi Lorne,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, àlìkámà sì ti wọlé tán kí yìnyín tó dé.

Ẹ ní ká ta píkọ́ọ̀pù Bàbá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ọkọ̀ tí kì í fẹ́ ooru síni lára nínú òtútù Saskatchewan? Ni mo bá mú sípánà, mo tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù fúnra mi, mo yọ fáànù jáde. Ìtẹ́ eku ló dí i lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n mi, irun funfun ni eku fi hun ún, ó rí roboto bí ife. Mo mọ irun náà. Ṣebí ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ni Bàbá máa ń jókòó sí tí Màmá bá fẹ́ gé irun fún wọn ṣáájú ìkórè?

Màmá ò tíì sún mọ́ ọkọ̀ náà láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá. Mo pè wọ́n. Wọ́n gbé ìtẹ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní:

"Wo olè! Èmi ń gé e, òun ń kó o."

"Ṣé kí n dà á nù, Màmá?"

"Dà á nù kẹ̀? Dá a padà síbi tó o ti bá a, jàre."

"Òtútù ńkọ́?"

"Òtútù ti ń mú mi tẹ́lẹ̀."

Mo dá a padà, mo di gbogbo nọ́ọ̀tì fáànù náà padà.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Tí ẹ bá ń bọ̀ ní Kérésì, ẹ mú bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn dání. Ọkọ̀ Bàbá la máa fi wá gbé yín.

Àbúrò yín,
Twyla