Àgúnmu Tó Ń Mí

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ibi ò ní mọ ọ̀nà ilé yín o. Àlàáfíà ni bàbá rẹ wà, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ náà wà. Èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà.

Ṣé o rántí omi tí a fi ń fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀, tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń torí òórùn rẹ̀ bá wa jà? Ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́, tí a ń pè ní Oníjígí, ló ní ká má dà á nù mọ́. Wọ́n gbẹ́ kòtò gbọọrọ, wọ́n tẹ́ ọ̀rá sí i, wọ́n da omi náà sí i, ni nǹkan bá ń hù níbẹ̀, àwọ̀ ewé, kò ní gbòǹgbò, kò ní ẹ̀ka. Oníjígí ní ìdọ̀tí inú omi náà ló ń jẹ, ó ní ó ń mí, oòrùn ló sì fi ń bí sí i. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sá a, wọ́n á fi ṣe oúnjẹ ẹja àti aró.

Ni mo bá rántí àgúnmu àwọ̀ ewé tó o fi ránṣẹ́ sí mi, tí mo ń pò mọ́ omi gbóná. Mo gbé agolo rẹ̀ jáde. Oníjígí rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ìyá ni wọ́n, pé omi mímọ́ ni wọ́n fi tọ́ tinú agolo. Èmi ò gbọ́ ti omi mímọ́ o, ọmọ ìyá ni mo gbọ́. Agolo náà sì ti tán sí mi nínú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sá fún oòrùn. Bí mo bá máa jáde, aṣọ ìbora ni mo ń wé mọ́ ikùn, mi ò sì ń la ẹnu níta kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé bá wọn. Aládùúgbò wa ti ń sọ káàkiri pé mo ń bá òun yodì. Bàbá rẹ ní kí n lọ wẹ̀ nínú kòtò, kí àwọn ẹbí lè kí ara wọn. Fọ́tò ikùn mi tí mo fi fóònù yà ránṣẹ́, o ní aṣọ nìkan lo rí. Jọ̀ọ́, fi han dókítà, òun á mọ bí wọ́n ṣe ń wo inú rẹ̀.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra aṣọ fèrèsé tó nípọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: orúnkún mi ò dùn mí mọ́. Lánàá mo lọ pọn omi, mo ti padà délé kí n tó rántí pé arúgbó ni mí. Bàbá rẹ ní kí n máa dúpẹ́. Ọmọ mi, ta ló ń gbé mi rìn?

Ọlọ́run á dá ọ sí, alẹ́ á sàn ọ́, ọmọ á tọ́jú ìwọ náà.

Èmi ni ìyá rẹ, ó kéré tán, títí di àárọ̀ òní.