Oríkì Tí Ẹ Kì Ránṣẹ́ sí Ihsan

Màámi,

Alhamdulillahi, ara Ihsan ti yá. Ibà tó bá etí ríro náà wá ti lọ. Dókítà ní kí n máa fún un ní oògùn olómi náà títí ìgò á fi tán, ìrora ì báà ti lọ. Ṣùgbọ́n nínú agboolé Ìsàlẹ̀ Èkó yìí, kò sí ohun tó ń jẹ́ ti ẹnì kan nínú fíríìjì. Ìyá ọkọ mi rí i pé ọmọ ti ń ṣeré, ni wọ́n bá pín èyí tó kù fún àwọn ọmọ tó ń wúkọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Kí ni ìyàwó tó ti Ìṣẹ́yìn wá fẹ́ wí?

Ọyún díẹ̀ ló tún ń jáde létí rẹ̀. A óò padà sọ́dọ̀ dókítà tí bàbá rẹ̀ bá ti Kánò dé. Ó ń sùn dáadáa, ariwo àwọn alábàárù ọjà Òkè Àrin ò tiẹ̀ jí i mọ́.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Afusat. Tí ẹ bá tún fẹ́ ki Ihsan Àṣàbí yín, Màámi, ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Ẹ pè wá ní fídíò, kó lè máa wo ẹnu yín.

Ọmọ yín,
Haneefah