Ibà Tí Ọkọ Rẹ Kò Jẹ́ Kí N Bò Mọ́lẹ̀

Ìyàwó mi,

Tí o bá délé tí o ò bá wa, má jáyà. Èmi àti ọkọ rẹ ti lọ sí ọsibítù. Ara rẹ̀ gbóná láàárọ̀ yìí, òṣùwọ̀n tí o fi ń wọn ibà rẹ̀ ní ó ti lé ní méjìdínlógójì. Mo ti mú oògùn tó ń paná ibà lọ́wọ́, ọmọ mi bá pa ẹnu dé gbagidi bí ọmọ ọdún méjì!

"Màmá, ìyàwó mi ní oògùn yẹn á bo ibà mọ́lẹ̀. Ẹ pe ọsibítù ná."

Mo pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì tó gbé fóònù ní o káre. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti fi sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ tọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ yẹn, sójà ara rẹ̀ tó ń bá àrùn jà ò tó nǹkan mọ́, ó lè jẹ́ ibà nìkan ló máa sọ fún wọn pé àrùn ti wọlé. Ó ní ká máa bọ̀ kíákíá.

Èmi tí mo ń pè ọ́ ní Ìyá Olófin nítorí òfin ibà rẹ yìí! Má bínú sí mi. Mú ìwé tí o ń kọ ibà rẹ̀ sí wá, wọ́n á bèèrè.

Takisí ti dé. Mo ti ń kọrin:

*Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n ṣọ́ o,*
*Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n tọ́jú.*

Ọkọ rẹ ní òun lòun ń ṣàìsàn, ìyàwó ni mò ń kọrin fún. Mo ní kí ara rẹ̀ yá ná, orin tiẹ̀ ń bọ̀.