Ìgbín Eléyín Kọ́ Ló Ń Jẹ Ẹ̀fọ́ Yín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Mo kí yín, mo kí bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti sàn díẹ̀. Wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn.

Mo rí àwọn ìgbín bíńtín tí ẹ fi iyọ̀ pa nínú ọgbà gbà. Bí mo ṣe ń fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ẹnu ìkarahun wọn, Màmá ní, "Eyín ìgbín lo wá ń kà, ìwọ tí a ní kó o wá ìyàwó."

Eyín náà gan-an ni mo ń wá. Oríṣi méjì ló jọra bí ìbejì. Èyí tí ẹnu ìkarahun rẹ̀ dán ló ń jẹ ẹ̀fọ́ tí ẹ fi ń gbọ́ bùkátà. Èyí tó ní kókó wẹ́wẹ́ bí eyín níbẹ̀ kì í jẹ ewé. Ìgbín ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Òun ló pọ̀ jù nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́. Ọlọ́dẹ yín lẹ ń pa, lolè fi ráyè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da iyọ̀ mọ́. Mo fi gíláàsì kan sínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ máa fi wò wọ́n kí ẹ tó pa èyíkéyìí. Èyí tó bá rú yín lójú, ẹ dá a sí.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ kórè ohun tí ẹ gbìn.

Èmi àbúrò yín.