Ààrò Ìyá Ti Padà Sẹ́yìnkùlé

Bàbá Ràmọ́nì,

Ẹ ka èyí kí ẹ tó máa pè mí. Iṣu sààrì tí mo gbé ka sítóòfù oníná kò jinná. Yúnìtì tán nínú mítà bí omi ṣe fẹ́ máa hó, torí pé agbádá mẹ́ta lẹ lọ̀ lánàá kí ẹ tó mọ èyí tí ẹ máa wọ̀ jókòó níwájú ní wáàsí. Ìyá yín, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, omi lásán ni wọ́n fi gbààwẹ̀ òní.

Ẹ̀yin lẹ ní èéfín ń ba ọ̀dà ilé jẹ́. Ẹ wó ààrò wọn, ẹ fi táìsì bo ojú ibẹ̀, ẹ ní iná mànàmáná ni ọ̀làjú ń lò. Owó iná wá ń gòkè lójoojúmọ́, ẹ̀ ń wò mí lójú.

Mo ti hú táìsì yẹn. Ààrò ti wà níbẹ̀ padà, mo sì ti lọ ṣẹ́gi lóko. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Áyọ́ọ̀nù yín wà lórí tábìlì. Tẹ́ ẹ bá tún wó ààrò, ẹ gbé iṣu ìṣínu ka áyọ́ọ̀nù náà.

Bí inú bá ń bí yín, ẹ lọ bá Ìyá: àwọn ló gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́.

Àwáwù